Tírélà Lójú Pópó Àdúgbò: Bí Ìtò Ọkọ̀ Èbúté Ṣe Dé Ẹnu Ọ̀nà Ará Alákijà àti Festac

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Alákijà tàbí ní Festac kò nílò aago kí ó tó mọ̀ pé òru ti jin. Ariwo tírélà ni yóò sọ fún un. Ọkọ̀ náà yóò dúró ní oríta, ọmọ mọ́tò yóò bọ́ sílẹ̀ láti wo bí wáyà iná ṣe ga tó, yóò fi ọ̀pá gbé wáyà náà sókè, yóò sì máa ké sí awakọ̀ pé kí ó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ yóò mì, fèrèsé yóò gbọ̀n. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn ará àdúgbò yóò rí i pé etí gọ́tà ti fọ́, tàbí pé ọ̀pá omi tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ti bẹ́. Lójú onílé, ìwà àìbìkítà awakọ̀ ni ó fa gbogbo rẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni pé ọ̀dọ̀ awakọ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, àti pé irin ìdábùú tí àdúgbò kan bá gbé sójú ọ̀nà rẹ̀, ọ̀dọ̀ àdúgbò kejì ni ó sábà máa ń ti tírélà sí.

Ibi tí Alákijà wà

Alákijà wà lẹ́bàá òpópónà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ní ìhà ìlà oòrùn rẹ̀ ni Festac àti Mile 2 wà, níbi tí òpópónà yìí ti pàdé èyí tí ó ti Àpápá lọ sí Òṣòdì. Ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ni Abúlé-Adó àti ọgbà ìpàtẹ ọjà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Trade Fair wà, níbi tí àwọn oníṣòwò ẹ̀yà ara mọ́tò pọ̀ sí. Bí a bá kọrí sí gúúsù, tí a la Satellite Town kọjá, a ó kan àwọn àgbá epo ràgàjì tí ó wà ní Ìjẹ̀gùn létí omi. Ẹrù ń ti èbúté bọ̀ láti apá kan, ọjà ń pè é ní apá kejì, epo sì ń pe tánkà ní apá kẹta. Àárín wọn ni Alákijà wà.

Kì í ṣe èèṣì ni àwọn nǹkan wọ̀nyí fi súnmọ́ ara wọn. Láàárín ọdún 1974 sí 1975, ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù símẹ́ńtì láti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ èbúté Àpápá kò lágbára láti gba ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dún kan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ojú omi tò síta lójú òkun fún oṣù gbọọrọ, símẹ́ńtì sì ń dì sínú wọn. Èbúté tuntun ti erékùṣù Tin Can jẹ́ ara ohun tí ìjọba fi wá ojútùú sí ìtò náà, ọdún 1977 ni wọ́n sì ṣí i. Ọdún náà gan-an ni àjọ̀dún FESTAC wáyé, láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ilé Festac fún àwọn àlejò. Kí ọdún yẹn tó parí, ìpàtẹ ọjà àgbáyé àkọ́kọ́ ti wáyé ní Trade Fair. Èbúté, ilé gbígbé àti ọjà wá di ọmọ ọdún kan náà. Ó dà bí ẹni pé ẹni tí ó ya àwòrán ilé kò bá ẹni tí ó ya àwòrán èbúté sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn òpópónà Festac tí a fi nọ́ńbà pè, àti àwọn ọ̀nà kékeré tí kò já tí ó ṣẹ́yọ lára wọn, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Tírélà tí ó gbé kọ̀ntéńnà ẹlẹ́sẹ̀-bàtà 40 gùn tó nǹkan bí mítà 16. Bí ó bá wọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò fi jáde.

Ohun tí ń gbé tírélà wọ àdúgbò

Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀lé kọ̀ntéńnà kan. Oníṣòwò kan ní Trade Fair kó ẹrù dé, tírélà sì gbé e jáde ní Àpápá. Òfin ìrìnnà ojú pópó ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2012, sọ pé tírélà kò gbọdọ̀ rìn láàárín ìgboro láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ sí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó yọ tánkà epo àti bọ́ọ̀sì gbọọrọ akérò sílẹ̀. Òfin náà ṣe ẹni tí ń lọ síbi iṣẹ́ lówùúrọ̀ lóore. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí òfin ní kò gbọdọ̀ rìn lọ́sàn-án kò lè di afẹ́fẹ́, ó gbọ́dọ̀ dúró síbì kan. Níbi tí gáréèjì kò bá ti tó, ẹ̀gbẹ́ títì ni yóò dúró sí. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìrìnnà bá lé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, inú àdúgbò ni yóò sá sí. Òru ni yóò sì rìn, nígbà tí onílé ti sùn. Òfin tí ó gba ọ̀sán wa là ni ó kó tírélà bá òru wa.

Ìrìn kọ̀ntéńnà kò parí sí ọjà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá já ẹrù tán, òfìfo rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí ó ni ín láàárín iye ọjọ́ tí wọ́n dá. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, owó ìtanràn yóò máa gorí ara wọn. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn tírélà tí a ń bú pé wọ́n ń ti èbúté bọ̀ ni ó jẹ́ pé èbúté ni wọ́n ń wá ọ̀nà padà sí. Awakọ̀ tí ó ti sun ọ̀sẹ̀ kan lórí ìtò yóò gba ọ̀nà ẹ̀bùrú èyíkéyìí tí wọ́n bá fi hàn án, àwọn tí ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ọ̀nà hàn án kò sì wọ́n ní Mile 2.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Àjọ tí ń ṣàkóso àwọn èbúté Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan tí ọlọ́kọ̀ fi ń gba àkókò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tírélà yóò dúró ní gáréèjì tí a fọwọ́ sí títí wọn yóò fi pè é. Orúkọ tí wọ́n sọ ìlànà náà ni Ètò. Ó yẹ kí inú àwa tí a ń kọ́ èdè yìí dùn sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn kì í sábà fi àmì sí i. Ẹni tí ó bá rí “Eto” lójú ìwé lè kà á sí ètò, ó sì lè kà á sí ẹ̀tọ́. Ìlànà náà dín ìtò kù lójú ọ̀nà Àpápá ní ìbẹ̀rẹ̀, láìka ẹ̀sùn àwọn ọlọ́kọ̀ pé àwọn kan ń ta ìwé ìpè ní ọjà dúdú. Síbẹ̀, ètò ti ẹnu èbúté ni. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀tọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ wà láàárín gáréèjì àti èbúté, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹjọ́ àwọn ará Alákijà wà.

Ohun tí ìwúwo ń ṣe

Àwọn awakọ̀ kan máa ń sọ pé gbogbo ọkọ̀ ni ó ń ba títì jẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bákan náà. Láàárín ọdún 1958 sí 1960, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà la títì àdánwò kan nítòsí Ottawa ní ìpínlẹ̀ Illinois, àwọn ọmọ ogun sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹrù tí ó wà lórí irin kan tí taya so mọ́ bá di ìlọ́po 2, ìbàjẹ́ tí yóò ṣe fún títì yóò súnmọ́ ìlọ́po 16. Bí ẹrù náà bá di ìlọ́po 10, ìbàjẹ́ yóò súnmọ́ ìlọ́po 10,000. Nǹkan bí ìdajì tọ́ọ̀nù ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń gbé lé irú irin bẹ́ẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tírélà tí ẹrù kún lè gbé tọ́ọ̀nù 10 lé e. Nípa ìṣirò yìí, irin kan ṣoṣo lábẹ́ tírélà ń ṣe ìbàjẹ́ irin ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 160,000. Títì tí àwọn ará àdúgbò dá owó jọ láti fi ọ̀dà tẹ́ lè ti ya kí òjò kejì tó rọ̀.

Ti títì ṣì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀mí. Ìkọ́ mẹ́rin ni ó yẹ kí ó di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ntéńnà mú mọ́ orí tírélà. Bí wọn kò bá dè é, kòtò kan ti tó láti dà á nù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ntéńnà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba, ó sì pa ènìyàn mẹ́ta. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, òmíràn wó lu bọ́ọ̀sì ní Ojúẹlẹ́gba kan náà, ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó sì kú. Abúlé-Adó tilẹ̀ súnmọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, iná bú gbàmù níbẹ̀. Ó ju ènìyàn 15 lọ tí ó kú, ọ̀pọ̀ ilé wó lulẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan sì bàjẹ́ pátápátá. Àlàyé tí NNPC ṣe ni pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó kọlu àwọn sílíńdà gáàsì tí wọ́n tò jọ nítòsí ọ̀pá epo. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá gbọ́ ìró tánkà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Satellite Town kì í ronú nípa gọ́tà nìkan mọ́.

Irin ìdábùú àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀

Ohun tí àwọn olùgbé lè ṣe kò pọ̀. Wọ́n ń kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ń pe ọlọ́pàá, wọ́n sì ń fẹ̀hónú hàn nígbà tí ó bá sú wọn. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, tí ó sì ń tètè ṣiṣẹ́, ni irin ìdábùú: òpó méjì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àti irin kan tí a fi dábùú wọn lókè. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ju ìṣirò gíga lọ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sábà ga tó mítà 2. Kọ̀ntéńnà lórí tírélà ga ju mítà 4 lọ. Bí irin bá wà ní mítà 2 àbọ̀, ọlọ́dẹ kò ní láti bá ẹnikẹ́ni jà. Èyí dára ju géètì lọ, nítorí pé owó lè ṣí géètì lóru, tí onílé kò sì ní mọ̀.

Ṣùgbọ́n tírélà tí irin dá padà ní òpópónà kan yóò yà sí èkejì. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Nínú ọ̀ràn tiwa, ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé irin tirẹ̀ dúró ni ó ń kó hùrùhẹ̀rẹ̀ bá aládùúgbò rẹ̀. Ibi tí àdúgbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ti pàdé pọ̀, kí wọ́n tó da irin ró, ni a ti lè fẹnu kò sí ọ̀nà kan tí ọkọ̀ ńlá lè gbà, àti wákàtí tí yóò gbà á, kí a tó dí àwọn yòókù. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ṣòro ju irin jíjó lọ. Onílé tí ọ̀nà tí a yàn bá gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá kì í dákẹ́, ó sì ní ìdí. Bí àwọn yòókù kò bá ní bá a tún iwájú ilé rẹ̀ ṣe, wọn kò gbọdọ̀ retí pé kí ó gbà.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sábà rántí títí tí iná yóò fi ràn. Ọkọ̀ panápaná ga ju mítà 2 àbọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni tánkà tí ń gbé omi wá àti èyí tí ń fa ẹ̀gbin ṣáláńgá. Nítorí náà, irin tí ó bá máa wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a lè ṣí, tí a fi àgádágodo dè. Kọ́kọ́rọ́ kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, èkejì lọ́wọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ súnmọ́ irin náà jù. Nọ́ńbà tẹlifóònù àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sára òpó, gàdàgbà-gàdàgbà, níbi tí iná ọkọ̀ lè mọ́lẹ̀ sí i ní aago méjì òru.