Ọlọ́run Kò Bá Wa Dá Àáró

Nígbà kan a lọ kí bàbá àgbà kan nínú ìjọ wa ní ọsibítù. Ní gbogbo ìhà Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó tí a ti ṣiṣẹ́, a kò rí irú wọn púpọ̀. Owó iṣu wọn ni wọ́n fi ra búlọ́ọ̀kù fún ilé Ọlọ́run, wọn kì í sì í jẹ ìdámẹ́wàá. Wọ́n di ọwọ́ wa mú, wọ́n ní, “Pásítọ̀, ẹ bá mi bi Olúwa, kí ló kù tí n kò ṣe?”

A kò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ náà bá wa délé.

Gbogbo ọmọ àgbẹ̀ ló mọ àáró. A ó kọ ebè lóko tèmi lónìí, a ó kọ ọ́ lóko tìrẹ lọ́la. Ẹni tí a bá ṣe fún tí kò wá ṣe padà, onígbèsè ni, gbogbo abà ni yóò sì gbọ́. Àáró dára, òun ni àwọn bàbá wa fi dá oko ńlá. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù jẹ́ kó yé wa nínú Róòmù 4:4-5 pé owó iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀bùn, gbèsè ni. Bí ìgbàlà bá jẹ́ àáró, a jẹ́ pé Ọlọ́run jẹ wá ní ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ta ni yóò lọ sin Ín ní gbèsè náà? Ẹ tilẹ̀ gbọ́ orúkọ tí èdè wa fún un: oore-ọ̀fẹ́.

Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ibojì wọn wà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè láti 1959, ẹ̀rọ tí ń tẹ títì ni wọ́n ń wà fún ìjọba nígbà tí Olúwa pè wọ́n ní 1928. Kí ni wọ́n ti ṣe fún Un kó tó pè wọ́n? Lẹ́yìn ìpè ni ààwẹ̀ àti ìrìn àjò dé, àti ìsọjí Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní 1930, tí iná rẹ̀ ràn dé Èkìtì wa.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ wa kan àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú. Alaalẹ́ ni wọ́n ń gbàdúrà ní pálọ̀ Bàbá. Ó dára. Ṣùgbọ́n iṣu Bàbá wà nínú ebè, ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, kò sẹ́ni tó lọ wa á. Nígbà tí a bi wọ́n, ọ̀kan fèsì pé nípa oore-ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe nípa iṣẹ́. Ó pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì dùn wá. Ó ka Éfésù 2:8 àti 9, ó pa Bíbélì dé kó tó dé ẹsẹ 10, níbi tí a ti sọ pé fún iṣẹ́ rere gan-an ni a ṣe dá wa. Kò sì dé ọ̀dọ̀ Jákọ́bù 2:15-17 rárá. Martin Luther ti Jámánì, tó jà fún oore-ọ̀fẹ́ láti 1517, fi ìwé Jákọ́bù wé koríko gbígbẹ ní 1522. (Níbẹ̀, a kò bá bàbá náà lọ.)

Ní Sátidé, a gbé ọkọ́ àti àdá, a wa iṣu náà tán, a sì kó o wálé. Nígbà tí Bàbá padà dé, ara wọn kò tíì le tán. Wọ́n wo iṣu, wọ́n bi wá pé, “Ọjọ́ wo ni kí n wá san án?”

A ní, “Bàbá, kì í ṣe àáró.”

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí a bá àwọn ṣí ìwé Róòmù yẹn, kí a kà á jẹ́jẹ́.