Ọyẹ́, Oúnjẹ àti Ìrora Gbogbo Ara ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Láti ìparí Bélú títí wọ Èrèlé ni ọyẹ́ ń jà ní Àkókó. Ní Ọ̀kà tó wà láàrin òkè àti àpáta, àti ní Ìkàrẹ́ náà, òtútù àárọ̀ a máa wọni lára. Tó bá fi máa di ọ̀sán, oòrùn á ti mú ganrínganrín. Ẹni tó ní fibromyalgia, àìsàn ìrora gbogbo ara, a máa jí ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lù mọ́jú.

Àìsàn yìí kì í ṣe làkúrègbé. Oríkèé kì í wú, egungun kì í bàjẹ́. Ẹran ara ló ń ro, láti ọrùn dé èjìká, dé ìbàdí àti itan, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, pẹ̀lú àárẹ̀ àti oorun tí kì í sinmi ara. Ọpọlọ àti iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń sọ ìrora kékeré di ńlá. Nínú 100 ènìyàn, bíi 2 sí 4 ló ní i, obìnrin ló sì pọ̀ jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan kì í fi í hàn, ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé fi ń sọ pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé ayé ló ń bá a jà. Ọ̀rọ̀ yẹn a máa dùn mí, torí ìrora náà kì í ṣe irọ́.

Òtútù tí ẹlòmíràn ò kà sí a máa dun ẹni tó ní i, ooru tó le náà sì ń dà á láàmú. Síbẹ̀, ara ò rí bákan náà. Ìwádìí kan ní Netherlands ní 2013 tọpa obìnrin 333 tó ní àìsàn yìí, ojú ọjọ́ ò sì mú wọn bákan náà rárá. Èyí ni mo fi ń sọ pé kí kálukú ní ìwé kékeré tirẹ̀: bí ojú ọjọ́ ti rí, ohun tí ó jẹ, bí ó ṣe sùn, ibi tó ro ó.

Láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ fi aṣọ bo èjìká. Ẹ má gbé iná èédú sínú yàrá tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀ pa. Atẹ́gùn olóró tí kò ní òórùn ń jáde nínú rẹ̀, ó sì ń pani.

Kò sí oúnjẹ kan tó ń wo àìsàn yìí sàn, ẹni tó bá ń ta irú rẹ̀ fún yín, ẹ sá fún un. Ohun tó dájú ni pé bí ara tó sanra jù bá fọn díẹ̀, ìrora a máa dín kù. Ẹ̀fọ́, ẹja àti èso dára. Kí òkèlè iyán alẹ́ kéré. Ẹni tí inú rẹ̀ máa ń wú, kí ó ṣọ́ ẹ̀wà àti àlùbọ́sà. Obì ni kí ẹ fọkàn sí jù: kaféènì wà nínú gbànja àti àbàtà. Èyí tí a jẹ nídìí àìsùn òkú á lé oorun lọ, àìsùn náà á sì di ìrora lọ́jọ́ kejì.

Ní 2016, àwọn dókítà oríkèé ní Yúróòpù fẹnu kò pé nínú ìtọ́jú àìsàn yìí, eré ìmárale ló ní ẹ̀rí tó lágbára jù. Ẹ fi ìrìn díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Oògùn ìrora diclofenac tí a ń rà ní kẹ́míìsì kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́, ó sì ń ba ikùn àti kíndìnrín jẹ́.

May 12 ni ọjọ́ ìlanilọ́yẹ̀ nípa àìsàn yìí lágbàáyé. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkàrẹ́, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ mú ìwé kékeré yẹn lọ, kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá àìsàn mìíràn ni.