Ohun tí edé àti àwọn ẹ̀dá inú òkun ń kọ́ ọmọ ènìyàn nípa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù

Bí dókítà bá ti sọ fún ènìyàn pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, edé àti akàn ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé ohun tí ó yẹ kí aláìsàn kọ́kọ́ ṣọ́ra fún lè jẹ́ òróró tí wọ́n fi dín edé náà.

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ó jọ ọ̀rá, tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ọ̀lù. Inú òkúta òróòro ènìyàn ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé ti kọ́kọ́ rí i ní ọ̀rúndún 18. Ara kò lè ṣe aláìní rẹ̀. Òun ni ó ń mú kí awọ tí ó bo sẹ́ẹ̀lì dúró dáadáa, òun náà sì ni ara fi ń ṣe họ́mọ̀nù akọ àti abo, fítámìn D àti omi òróòro tí ń da oúnjẹ ọlọ́ràá.

Kì í ṣe inú oúnjẹ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Ara fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é, pàápàá ẹ̀dọ̀. Konrad Bloch ní Amẹ́ríkà àti Feodor Lynen ní Jámánì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1964 nítorí iṣẹ́ wọn lórí bí ara ṣe ń to èròjà kéékèèké pọ̀ di kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Bí ti inú oúnjẹ bá pọ̀ sí i, ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dín èyí tí òun ń ṣe kù.

Edé kò lè dá a ṣe

Ti edé, akàn àti alákàṣà yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Bíi ti àwọn kòkòrò orí ilẹ̀, wọn kò lè ṣe sítẹ́rọ́ọ̀lù fún ara wọn, inú oúnjẹ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ rí i. Láti ara kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni họ́mọ̀nù tí ń mú kí edé bọ́ èèpo rẹ̀ ti ń wá, edé tí kò bá sì lè bọ́ èèpo kò lè dàgbà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sínú oúnjẹ edé tí wọ́n ń sìn.

Àwọn ewéko kéékèèké inú òkun ní irú sítẹ́rọ́ọ̀lù tiwọn. Àwọn ẹ̀dá oníkarahun tí ń sẹ́ omi òkun láti jẹ ewéko wọ̀nyí a sì kó oríṣiríṣi rẹ̀ sínú ara. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn èròjà oúnjẹ láyé àtijọ́ kò lè ya irú kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Nígbà tí ọ̀nà ìwádìí tuntun dé, ó hàn pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú irú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ kò tó bí wọ́n ti rò.

Èròjà yìí kì í tètè parun rárá. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kéde pé wọ́n rí ipa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lára ẹ̀dá òkun kan tí ń jẹ́ Dickinsonia, tí òkú rẹ̀ wà nínú àpáta ní Rọ́ṣíà láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 558 ọdún sẹ́yìn. Ipa náà ni wọ́n fi mọ̀ pé ẹranko ni.

Kí ni edé ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀?

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ń gbà rin nínú ẹ̀jẹ̀. LDL ni èyí tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ bí ó bá pọ̀ jù, tí ó sì lè fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. HDL ni èyí tí ń kó o padà lọ sí ẹ̀dọ̀.

Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1996, àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá jẹ 300 gíráàmù edé lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. LDL wọn fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n HDL wọn fi nǹkan bí ìdá 12 pọ̀ sí i, ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tiráigílísẹ́ráìdì sì dín kù.

Òótọ́ ni pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù pọ̀ nínú edé, ṣùgbọ́n ọ̀rá tí ó máa ń dì kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, tí ó pọ̀ nínú ọ̀rá ẹran, bọ́tà, òróró àgbọn àti epo pupa, ni ó máa ń dín agbára ẹ̀dọ̀ láti gba LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kù. Michael Brown àti Joseph Goldstein ni wọ́n ṣàwárí ẹnu ọ̀nà tí LDL ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1985.

Ìwádìí ní Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ọkàn nìkan. Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí 1,075 àgbàlagbà Yorùbá. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn tí kò ní irú àbùdá kan tí ń jẹ́ APOE e4, bí LDL bá ṣe ga tó ni ewu àrùn ìgbàgbé Alzheimer ṣe ń pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ní àbùdá náà. Èyí kò túmọ̀ sí pé LDL ni ó fa àrùn náà, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan.

Oògùn àti oúnjẹ

Ní Japan, Akira Endo àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ yẹ nǹkan bí 6,000 irú olú àti èbu wò kí wọ́n tó rí, ní ọdún 1973, èyí tí ó lè dí ṣíṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lọ́wọ́ nínú ara. Láti ibẹ̀ ni àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní statin ti wá, èyí tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí nínú wọn ní ọdún 1987.

Sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀pà, ẹ̀wà àti àwọn ohun ọ̀gbìn mìíràn a tún máa dí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lọ́nà nínú ìfun. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi gíráàmù 2 lójúmọ́ ni ìwádìí fi hàn pé ó ń dín LDL kù dáadáa, oúnjẹ ojoojúmọ́ kì í sábà ní tó bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ẹ̀pà pa oògùn dókítà tì.

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí ó pọ̀ jù kì í sábà fi àmì kankan hàn títí ìjàm̀bá yóò fi ṣẹlẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè tú u fó. Ẹni tí tirẹ̀ ga, tàbí tí àrùn ọkàn wà nínú ìdílé rẹ̀, gbọ́dọ̀ bi dókítà léèrè ìwọ̀n edé tí ó bá ara rẹ̀ mu. Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ìwọ̀nba edé tí wọ́n bọ̀ tàbí tí wọ́n lọ̀ sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kò léwu tó edé tí wọ́n dín nínú agbada òróró.