Omi tí ń Dà Lójú Ọmọdé: Ìgbà tí Iṣẹ́ Abẹ Yẹ

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé yìí ni omi tí kì í dá lójú ọmọdé, àti ìgbà tí ó yẹ kí oníṣẹ́ abẹ fọwọ́ kàn án. Ẹkún kọ́ ni à ń wí. Ọmọ tí kò sunkún rárá ni omi ń dà lójú rẹ̀.

Omijé a máa fọ ẹyinjú lójoojúmọ́. Lẹ́yìn èyí, yóò gba ihò tín-ín-rín méjì tí ó wà létí ìpéǹpéjú ní ìhà imú wọ inú àpò omijé, yóò sì ti ibẹ̀ gba ọ̀nà tóóró kan sọ̀kalẹ̀ sínú imú. Ìdí nìyí tí imú ẹni tí ń sunkún fi ń ṣomi. Lára àwọn ọmọ kan, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣì dí ìsàlẹ̀ ọ̀nà yìí lẹ́yìn ìbí wọn. Omi kò rí ibi gbà, ó ń ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ipin a sì máa lẹ ojú pọ̀ ní òwúrọ̀.

Nǹkan bí 90 nínú 100 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni awọ náà ń là fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan. Nítorí náà, sùúrù àti ìfọwọ́rà ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Crigler ṣàlàyé rẹ̀ ní 1923: a ó fi ìka mímọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ imú nítòsí ojú, a ó sì fà á sísàlẹ̀, kí omi inú àpò lè ti awọ náà là.

Bí omi kò bá dá lẹ́yìn ọdún kan, iṣẹ́ abẹ yẹ. A ó fi oògùn kun ọmọ lóorun; dókítà ojú yóò ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba ihò ìpéǹpéjú títí yóò fi la awọ náà. Bí ọ̀nà bá tún dí, a lè fi rọ́bà tín-ín-rín sí i fún oṣù díẹ̀. Bí èyí náà bá kùnà, a ó gé egungun díẹ̀ kí àpò omijé lè ṣí tààrà sínú imú, gẹ́gẹ́ bí Toti, ará Ítálì, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1904.

Ṣùgbọ́n sùúrù ní ààlà. Bí ọmọ bá ń sá fún ìmọ́lẹ̀, tí ẹyinjú rẹ̀ tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí tí iwájú ẹyinjú náà ṣú bí ìkùukùu, glaucoma ni kí a fura sí. Níhìn-ín, kì í ṣe ọ̀nà omijé ni ó dí. Omi inú ẹyinjú gan-an ni ó ń fún un mọ́lẹ̀ jù, ó sì lè fọ́ ọmọ lójú. Ọjọ́ tí a bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀ ni kí a gbé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú.

Ó hàn gbangba, nígbà náà, pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹyinjú wò dáadáa kí a tó sọ fún ìyá ọmọ pé kí ó ṣe sùúrù.