Ẹ Má Fún Ọmọ Ní Òògùn Nítorí Pé Ó Ń Fi Orí Gbá Ògiri

Ní Ìdó ní Èkó, nínú àwọn ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, ògiri kan ṣoṣo ló ya ìdílé kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Bí ọmọ ọwọ́ bá ń fi orí gbá ògiri kó tó sùn, aládùúgbò á gbọ́, ilẹ̀ kò sì ní í mọ́ tí kálukú á fi sọ tẹnu rẹ̀: ẹnìkan á ní gìrì ni, òmíràn á ní wárápá, òmíràn á ní àbíkú ló ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé lára ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí àrùn kankan. Oorun ni wọ́n ń wá. Òògùn tí a ń sáré fún wọn ló yẹ kó bà wá lẹ́rù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1905 ni dókítà Julius Zappert ti kọ̀wé lé e lórí ní ìlú Vienna. Nígbà tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Klackenberg tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn ọmọ Sweden jáde ní 1971, ó hàn pé ó lé ní ìdajì àwọn ọmọ oṣù 9 tó ń mi ara, tó ń yí orí tàbí tó ń gbá a mọ́ nǹkan. Nígbà tí wọ́n pé oṣù 18, ó ti dín sí bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n fi máa pé ọdún 5, bí ọmọ 5 nínú 100 ló kù. Ìdí tí àwọn onímọ̀ rò pé ó fà á kò ṣòro láti lóye. Inú etí lọ́hùn-ún ni ẹ̀yà ara tó ń jẹ́ ká mọ̀ pé a ń mì wà, mímì tó bá ń lọ déédéé sì máa ń mú ara ọmọ rọlẹ̀. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí RIKEN ní Japan rí i pé bí ìyá bá gbé ọmọ tó ń sunkún rìn fún ìṣẹ́jú 5, ẹkún á dá, ọ̀pọ̀ á sì sùn lọ. Àwọn ìyá wa ti mọ èyí tipẹ́ tí wọ́n fi ń pọn ọmọ. Ó jọ pé irú ìtura tó ń rí lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni ọmọ tó ń mi ara rẹ̀ ń wá.

Ẹnìkan lè ní, “Orí rẹ̀ kò ní í fọ́?” Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ọmọ ọwọ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe báyìí. Ẹ fa ibùsùn kúrò lára ògiri, tàbí kí ẹ tẹ́ fóòmù sáàárín yàrá. Ẹ má to ìrọ̀rí yí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ká, nítorí ó lè dí i ní èémí. Ẹlòmíràn lè béèrè bí a ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe gìrì. Ẹ pè é lórúkọ, tàbí kí ẹ gbé e. Ọmọ tó ń wá oorun á dáwọ́ dúró, á wojú yín. Ọmọ tí gìrì mú kò ní í dáhùn: ara rẹ̀ lè le gan-an, ojú rẹ̀ lè yí sókè. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀; LUTH ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà sí Ìdó. Ó yẹ kí dókítà tún wo ọmọ tó ń ṣe é lọ́sàn-án dípò eré, tí kì í wojú ènìyàn, tó ń fara pa, tàbí tó ti lé ní ọdún 5 tí kò tíì fi í sílẹ̀.

Àwọn àgbà kan á sọ pé àgbo ló wo tàwọn ọmọ tiwọn sàn. Ṣùgbọ́n ohun tó máa lọ fúnra rẹ̀, òògùn tó bá bá a lásìkò náà ni yóò gba ìyìn. Ìyìn yìí ti ná wa ní ẹ̀mí. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn ti ń kìlọ̀ nípa àgbo ìtọ̀ màálù tí wọ́n ń fún ọmọ nítorí gìrì, èyí tó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ títí ọmọ á fi dákú. Láàárín 2008 sí 2009, ọmọ 84 ló kú ní Nàìjíríà lórí òògùn olómi My Pikin, tí àwọn òbí rà fún ọmọ tó ń hu eyín. Kẹ́míkà diethylene glycol tó wà nínú rẹ̀ ló ba kíndìnrín wọn jẹ́. Eyín híhù kì í pa ọmọ; òògùn rẹ̀ ló pa wọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá àgbà, bí ọmọ bá ń fi orí gbá ògiri, ẹ sún un kúrò níbẹ̀, ẹ pọ̀n ọ́n tí agbára bá wà, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà léèrè kí ohunkóhun tó kan ọmọ lẹ́nu.