Ìrìn ìgbádùn pẹ̀lú ọ̀rẹ́ àti ajá: ẹ ṣọ́ra fún dìgbòlugi

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, Dave Ulmer, ará Amẹ́ríkà, gbé korobá kan pamọ́ sínú igbó ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó sì fi nọ́ńbà tó júwe ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn tó ní ẹ̀rọ GPS lè wá a rí. Báyìí ni eré geocaching ṣe bẹ̀rẹ̀. Tọ̀rẹ́tọ̀rẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é, àwọn mìíràn a sì mú ajá wọn dání.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rin irú ìrìn yìí ní Warri, tí ooru ti máa ń mú, kó jáde ní òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, kó sì gbé omi dání fún ara rẹ̀ àti ajá. Kó má kọwọ́ bọ ihò. Ejò lè wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ajá ló wá gba àkíyèsí jù. Àrùn dìgbòlugi ṣì ń pa ènìyàn ní Nàìjíríà, ajá ló sì ń kó o ràn wá jù. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni ẹni náà fi lè yè é. Nítorí náà, ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọ̀ dókítà ẹranko kò yẹ lẹ́ni tí à ń mú jáde láàárín èrò.

Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, bí egbò náà tilẹ̀ kéré. Abẹ́rẹ́ tí wọn yóò fún ni kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà á tán.