Ọmú Tí Kò Dúró Síbi Tí Wọ́n Gbé E Sí

Aṣọ ẹbí ni mo lọ gbà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ kan ní Ripple Road, ní Barking, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìyá há píìnì sẹ́nu, ó ń yí kọ́sẹ́ẹ̀tì léèsì kan wò, èyí tí ẹni tó ni ín ti dá padà lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣe é. Wọ́n yọ píìnì lẹ́nu.

"Ọmọ mi, nígbà tiwa, ọmọ ló ń fa ọmú wálẹ̀. Ní báyìí, èyí tí wọ́n fowó rà gan-an ń rìn. Mo wọn ọmọ yìí ní oṣù kẹta, àyà ló wà. Mo tún un wọ̀n ní oṣù kẹfà, ti ọwọ́ òsì ti forí lé abíyá."

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ti rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn tó lọ ṣe bọ́dì, ìyẹn iṣẹ́ abẹ ẹwà. Ní àgbègbè yìí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ọ̀rọ̀ aránṣọ. Àwọn obìnrin 187 tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ ní Ford ní Dagenham ló daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1968, nítorí ilé iṣẹ́ náà ka iṣẹ́ wọn sí iṣẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ gba ọgbọ́n. Mo bá gba ọ̀rọ̀ ìyá gbọ́, mo lọ wádìí ibi tí ìrìn yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Láti 1895 tí dókítà Vincenz Czerny ti gbé kókó ọ̀rá sí àyà obìnrin kan ní Jámánì, páráfíìnì, kànrìnkàn àti sílíkónì olómi ni àwọn èèyàn ti kì bọ ọmú, ìpalára ló sì ń kẹ́yìn wọn.

Ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ni ìtàn náà ti wá gbóná. Wọ́n ní dókítà Frank Gerow fọwọ́ tẹ ike tí wọ́n ń rọ ẹ̀jẹ̀ sí, ó sì rí i pé bí ọmú obìnrin gẹ́lẹ́ ló ṣe rọ̀ lọ́wọ́ òun, ibẹ̀ sì ni èrò àpò sílíkónì tí wọ́n ń gbé sínú ọmú ti wá. Àwọn mìíràn kò gbà pé tirẹ̀ ni èrò náà. Thomas Cronin ni ọ̀gá rẹ̀, orúkọ Cronin ló wà lórí ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ náà, ilé iṣẹ́ Dow Corning ló sì ni sílíkónì. Ní tèmi, ti Gerow ni mo gbà. Ẹni tó bá ti gbé ọ̀rá omi tútù lé tábìlì rí mọ̀ pé kì í jókòó jẹ́ẹ́: ibi tó bá rọlẹ̀ ló máa ń yọ̀ lọ. Èrò tó bá ti inú irú àpò bẹ́ẹ̀ wá ti gbé ìrìn dání láti ilé.

Ajá kan tí wọ́n ń pè ní Esmeralda ni wọ́n kọ́kọ́ dán àpò náà wò lára rẹ̀. Ajá náà fi eyín já okùn tí wọ́n fi rán an, wọ́n sì yọ àpò náà. Ní 1962, ó kan Timmie Jean Lindsey, ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà. Ó wá sí ọsibítù kí wọ́n lè bá a pa àwòrán tí wọ́n fín sí i láyà rẹ́ ni. Wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ ọmú ńlá. Ó ní etí òun tó ta síta ló ń dun òun. Wọ́n bá ṣe méjèèjì fún un.

Ibi tó kan aránṣọ nìyí. Àwọn dókítà wọ̀nyẹn mọ̀ pé àpò náà lè rìn, wọ́n sì lẹ aṣọ mọ́ ọn lẹ́yìn. Dacron ni aṣọ náà, kí ẹran ara lè hù wọnú rẹ̀ kó sì dì í mú. Ṣùgbọ́n ọmú bẹ̀rẹ̀ sí í le gbagidi láyà àwọn obìnrin, wọ́n di ẹ̀bi ru aṣọ náà, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn ọdún 1970. Àpò wá di ohun tó ń dán, tí kò sí ohun tó so ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe èyí tí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka kó lè rọ̀ mọ́ ẹran. Ní oṣù keje 2019, ilé iṣẹ́ Allergan kó irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Biocell kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé, torí pé wọ́n rí àrùn jẹjẹrẹ kan tó ń tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá dì í mú, wàhálà. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, wàhálà.

Inú àpò tí dókítà fi ọ̀bẹ là sínú ẹran, níwájú tàbí lẹ́yìn iṣan àyà, ni wọ́n máa ń gbé àpò sílíkónì náà sí, ibẹ̀ sì ni ìrìn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá là á kọjá ìlà abẹ́ ọmú, á rì sísàlẹ̀, orí ọmú á sì máa wo òkè. Bí ó bá là á jù sí ẹ̀gbẹ́, á ṣubú sí abíyá nígbà tí obìnrin bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Bí ó bá là á jù sí àárín, méjèèjì á fẹ́ di ọ̀kan. Iṣan àyà náà lè máa tì í síta díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀n tún wà ńbẹ̀: èyí tó gba 400 cc sún mọ́ 400 gíráàmù, méjèèjì sì tó nǹkan bí 800 gíráàmù lórí awọ tí kò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí. Àwa náà mọ̀ pé ọmú ń fẹ́ ohun tí yóò gbé e ró, àbí kí ló dé tí a fi ń pe kọ́mú ní kọ́mú? Lindsey fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó dàgbà pé ẹnu ya òun pé tòun náà sọ̀, torí òun rò pé ibi tí wọ́n gbé e sí ni yóò máa wà.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí wọ́n tún ara là, kí wọ́n fi okùn rán àpò inú ẹran náà kéré, tàbí kí wọ́n gbé èyí tó fúyẹ́ sí i. Ètò ìlera ìjọba, NHS, kì í sábà ṣe iṣẹ́ ẹwà. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn ọmọ wa tó ń wọ bàlúù lọ sí Tọ́kì torí owó rẹ̀ kéré, tí wọ́n sì padà sí Barking láìsí dókítà tí yóò máa yẹ̀ wọ́n wò. Lẹ́yìn wàhálà àpò ọmú tí ilé iṣẹ́ PIP ní ilẹ̀ Faransé ṣe, tó kan nǹkan bí 47,000 obìnrin ní Bìrìtéènì, wọ́n dá ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn àpò yìí sílẹ̀ ní England ní oṣù kẹwàá 2016. Èyí tí wọ́n bá ṣe ní Istanbul kò sí nínú rẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá. Wọ́n ní fóònù ló ń lé àwọn ọmọ lọ ṣe é, pé àwòrán tó ń yọ lójú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń lé. Wọ́n ní lójú àwọn ìyá tiwọn, ọmú tó sọ̀ jẹ́ àmì pé ó ti ṣiṣẹ́. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Kí n tó lọ, ẹni tó ni kọ́sẹ́ẹ̀tì wọlé, ó ń wolẹ̀. Ìyá ò sọ nǹkan kan sí i. Wọ́n na téèpù sí i láyà, wọ́n tú apá òsì aṣọ náà, wọ́n sún un ní ìka méjì sí abíyá, wọ́n sì ní kó wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì.